Tíì, Zobo, Kóòkì, Àgbo: Bí Ẹ Ṣe Lè Mu Wọ́n Kí Eyín Yín Má Pọ́n

"Mò ń fọ eyín láràárọ̀, mi ò mu sìgá, mi ò bá aáṣà ṣe, kí ló dé tí eyín mi ṣe ń pọ́n?" Ìbéèrè yìí kan náà ló máa ń wá, láti Adó, láti Ìkéré, láti ọ̀dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwòròkò. Ó sì máa ń pọ̀ sí i tí ọyẹ́ bá ti mú, tí kálukú ń wá nǹkan gbígbóná tó máa fi lé òtútù lọ. Tí mo bá wá béèrè ohun tí ẹni náà ń mu láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọ̀rọ̀ á ti tú: tíì inú fúláàsì ní ọ́fíìsì, zobo lọ́sàn-án, kóòkì lẹ́yìn iyán, àgbo jẹ̀dí nírọ̀lẹ́.

Mi ò ní sọ pé kí ẹ má mu tíì mọ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ará Ẹ̀fọ̀n tàbí Òkèmẹ̀sí lóṣù Kejìlá, kò tíì sùn lórí òkè rí. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé kì í ṣe iye ife nìkan ló ń ba àwọ̀ eyín jẹ́. Bí ohun mímu náà ṣe ń pẹ́ lára eyín ló burú jù. Ife tíì kan tí ẹ ń fà díẹ̀díẹ̀ láti aago mẹ́jọ di mọ́kànlá lè ba eyín jẹ́ ju ife méjì tí ẹ jókòó mu tán lọ. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

## Ẹ kọ́kọ́ yẹ eyín yín wò

Kì í ṣe gbogbo eyín tó pọ́n ni ohun mímu pọ́n. Ẹ mú dígí, ẹ lọ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé, nítorí iná gílóòbù máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nu eyín gbẹ, kí ẹ wá wò ó dáadáa:

- Àwọ̀ pupa tàbí dúdú tó tò sí ìdí eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrìgì, sí àárín eyín méjì, tàbí sí ẹ̀yìn eyín iwájú ti ìsàlẹ̀: òde eyín ló wà. Ohun mímu, obì, sìgá tàbí aáṣà ló sábà máa ń fà á. Ó ṣeé yọ.
- Eyín kan ṣoṣo tó ṣú, tí àwọn tó yí i ká sì funfun: ó ṣeé ṣe kí eyín náà ti kú sínú, bóyá látìgbà tí ẹ ti ṣubú tàbí tí bọ́ọ̀lù gbá yín lẹ́nu. Ẹ ò lè fọ èyí kúrò.
- Ìlà aláwọ̀ eérú tàbí pupa tó gba ọ̀pọ̀ eyín kọjá, tó sì ti wà láti kékeré: ó lè jẹ́ oògùn tetracycline tí wọ́n lò fún yín lọ́mọdé, tàbí tí ìyá yín lò nígbà tó wà nínú oyún.
- Àmì funfun tàbí pupa tó wà lọ́tùn-ún lósì bákan náà, látìgbà tí eyín àgbà ti hù: ó lè jẹ́ pé fluoride, èròjà kan tó ń mú eyín le tí kò bá pọ̀ jù, ti pọ̀ jù nínú omi tí ẹ mu lọ́mọdé.
- Ibi dúdú tó ní ihò, tàbí tó ń ta yín tí omi tútù tàbí nǹkan dídùn bá kàn án: eyín ti ń jẹrà. Ẹ má bá ìwé yìí lọ síwájú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ọjọ́ orí náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Inú eyín kì í funfun tó òde rẹ̀. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, tí òde eyín ń fẹ́lẹ́, inú á máa hàn síta. Ẹni ọgọ́ta ọdún tó bá fẹ́ kí eyín òun funfun bíi ti ọmọ ogún ọdún kàn ń fìyà jẹ ara rẹ̀ ni. Eyín lè pọ́n díẹ̀ kó sì le koko.

Ẹni tí tiẹ̀ bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nínú ìtò yẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù látibí lọ.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu

Kò sí ohun tó le tó òde eyín nínú gbogbo ara èèyàn, egungun pàápàá kò tó o. Ṣùgbọ́n kì í wà láìní ìbora. Kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ẹ fọ eyín tán tí itọ́ á ti fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Nǹkan fẹ́lẹ́ yìí ló ń dáàbò bo eyín, òun náà sì ni àwọ̀ ń lẹ̀ mọ́. Tíì, kọfí, obì àti epo igi inú àgbo ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní tannin. Òun ló ń mú kí ẹnu korò kó sì ṣe bí ẹni pé ó ń gbẹ. Tannin á dì mọ́ nǹkan fẹ́lẹ́ yẹn, á sì so àwọ̀ ohun mímu mọ́ ọn. Ẹ wo inú ife tíì tí wọn ò fọ̀ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó ṣe rí lára ife náà ló ń rí lára eyín.

Ohun kejì ni kíkan. Lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ásíìdì, omi lásán wà ní 7. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni nǹkan ṣe ń kan sí i. Tó bá ti wálẹ̀ tó nǹkan bí 5.5, òde eyín á bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ díẹ̀díẹ̀. Kóòkì wà ní nǹkan bí 2.5, zobo tí a kò bu omi là kì í jìnnà sí i. Tí kíkan bá ti rọ òde eyín, ara rẹ̀ á má dán mọ́, àwọ̀ á sì tètè rí ibi fara mọ́. Èyí tó bá sì yọ́ lọ nínú òde eyín kì í hù padà, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú sí kíkan ju àwọ̀ lọ.

## Èwo ló burú jù?

Tíì dúdú. Lipton tí kò ní mílíìkì, tó pẹ́ nínú omi gbígbóná, ló máa ń wà níwájú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé kọfí ló burú jù nítorí pé ó dúdú, ṣùgbọ́n tannin inú tíì pọ̀, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ eyín gan-an. Tíì tó ti ń hó nínú kẹ́tùlù Màláàmù láti ìdájí le ju èyí tí ẹ pò fúnra yín lọ. Green tea kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò mọ́wọ́ kúrò níbẹ̀.

Kọfí. Ó tẹ̀ lé tíì. Ewu rẹ̀ ni pé àwọn tó ń mu ún kì í mu ún tán, wọ́n á gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, wọ́n á máa fà á.

Zobo. Ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló ní. Ìṣápá pupa ní àwọ̀ tó le, ó sì tún kan. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ń sè mọ́ ọn ń mú un kan sí i. Ó dáa fún ara ní ọ̀nà púpọ̀, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sínú mọ́tò fà láti Adó dé Ìkọ̀lé.

Kóòkì, Pepsi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọ̀ wọn kì í lẹ̀ bíi ti tíì, kíkan wọn ló ń ṣílẹ̀kùn fún àwọ̀ mìíràn. Ẹni tó mu kóòkì tán tó wá gbé tíì lé e ti ṣe méjì pọ̀. Fanta àti ohun mímu tó ń fún èèyàn lágbára náà kan gan-an. Maltina kì í kan tó wọn, àwọ̀ àti ṣúgà ni tiẹ̀.

Àgbo àti páráágà. Ẹ̀yin tó ń mu àgbo ibà, àgbo jẹ̀dí tàbí àgbo ẹ̀jẹ̀, ẹ mọ̀ pé epo igi àti gbòǹgbò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, tannin sì kún inú epo igi. Àgbo ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi poroporo ọkà bàbà sè tún ní pupa tó ń kun ọwọ́ alágbo pàápàá. Tí ó bá kun ọwọ́, kí lẹ rò pé ó ń ṣe lẹ́nu? Páráágà burú sí i nítorí bí wọ́n ṣe ń mu ún: díẹ̀ láàárọ̀ ní gáréèjì, díẹ̀ lọ́sàn-án, díẹ̀ kí wọ́n tó darí sílé.

Obì. Kì í ṣe ohun mímu, ṣùgbọ́n a ò lè sọ̀rọ̀ eyín ní Èkìtì ká yọ obì sílẹ̀. Ó ní tannin, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ́ lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ eyín pupa tí wọ́n dẹ́bi rẹ̀ ru tíì, obì ló fà á.

Milo, Bournvita. Mílíìkì tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọ̀ lẹ̀ púpọ̀. Ṣúgà ni kí ẹ ṣọ́.

Wáìnì pupa: ó ní àwọ̀, ó ní tannin, ó sì kan. Ẹmu: kò ní àwọ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti kan, ó ti kan náà nìyẹn. Omi àti mílíìkì kì í pọ́n eyín.

## Bí ẹ ṣe máa mu ún

1. Ẹ fọ eyín ṣáájú tíì àárọ̀. Ìdọ̀tí tó sùn sára eyín mọ́jú ni àwọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbá mú. Ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́nà kí tíì tó dé.
2. Ẹ mu omi díẹ̀ ṣáájú. Ẹnu tó gbẹ máa ń gba àwọ̀ ju ẹnu tó tutù lọ. Ó ṣe pàtàkì nígbà ọyẹ́ àti fún ẹni tó ń gbààwẹ̀.
3. Ẹ yọ àpò tíì lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 3. Ẹ má fi sílẹ̀ sínú ife títí ẹ ó fi mu ún tán, ẹ má sì fi ṣíbí fún un kó lè pọ́n dáadáa. Tannin lẹ ń fún jáde yẹn.
4. Ẹ fi mílíìkì sí i. Mílíìkì ní ohun kan tó ń di tannin mú nínú ife kó tó dé ara eyín. Kì í ṣe pé ó fi àwọ̀ tíì pamọ́ lásán, ó ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Ti oníyẹ̀fun tàbí ti inú agolo, èyíkéyìí tó bá jẹ́ mílíìkì gidi ló ń ṣe é.
5. Ẹ jókòó mu ún tán. Ìṣẹ́jú 15 tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé ife kúrò nílẹ̀. Tí ẹ bá ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ lè ṣe nínú gbogbo rẹ̀, èyí ni kí ẹ mú.
6. Ẹ má fi yọ ẹnu. Àwọn kan máa ń gbá zobo tàbí kóòkì kiri ẹnu kí wọ́n tó gbé e mì, kí wọ́n lè gbádùn tútù rẹ̀. Ẹ gbé e mì.
7. Ẹ lo sitíróò fún ohun tútù. Zobo, kóòkì, Maltina. Ẹnu sitíróò gbọ́dọ̀ kọjá ẹ̀yìn eyín iwájú. Tó bá dúró sí àárín ètè, kò ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má lò ó fún ohun gbígbóná, á jó yín lọ́fun.
8. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹnu píọ̀ wọ́tà méjì péré, ẹ gbá a kiri, ẹ tu ú dànù tàbí kí ẹ gbé e mì. Bákan náà lẹ́yìn àgbo, bákan náà lẹ́yìn obì.
9. Ẹ dúró kí ẹ tó fọ eyín. Lẹ́yìn ohun tó kan, ẹ fún itọ́ ní ìṣẹ́jú 30, tó bá lè tó wákàtí kan ó sàn jù. Òde eyín ti rọ̀ nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì lè ha á lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pa àgbo tàbí oògùn tí dókítà fún un tì nítorí àwọ̀ eyín. Ẹ wọn ìwọ̀n tó yẹ, ẹ mu ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ ẹnu.

## Tí iṣẹ́ yín kò bá gba gbogbo ìyẹn

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé mọ́jú ní Ìwòròkò tàbí Ọyẹ́ kò ní jókòó mu kọfí tán ní ìṣẹ́jú 15, mo mọ̀. Ẹ gbé ike omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Bí ẹ bá ti fa kọfí, ẹ fa omi tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì fọ eyín kí ẹ tó sùn, àní bí aago mẹ́rin ìdájí bá ti lù. Òru ni itọ́ máa ń dín kù jù, ohun tí ẹ bá sì gbé sùn sára eyín kò ní ẹni tó máa fọ̀ ọ́ fún yín.

Olùkọ́ tó ní fúláàsì lórí tábìlì: ẹ pín in sí méjì, ọ̀kan nígbà ìsinmi, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Láàárín wọn, omi. Oúnjẹ ń mú itọ́ wá, nítorí náà tíì tó bá oúnjẹ rìn sàn ju èyí tó dá wá lọ.

Ìyá ọlọ́jà ní Ọjà Ọba tó ń jẹ obì kó má bàa tòògbé: ẹ má fi sẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ ẹ́, ẹ gbé e mì, ẹ mu omi. Ẹni tó bá fi ìlàjì obì sẹ́rẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan ni eyín rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ pọ́n, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹni tó ń ta zobo: ẹ dín ọsàn wẹ́wẹ́ kù, ẹ bu omi sí i, ẹ tà á pẹ̀lú sitíróò. Kò ní kí àwọn oníbàárà má padà wá.

Ní òde àríyá ọjọ́ Sátidé, níbi tí Maltina àti kóòkì kì í ti í tán lórí tábìlì, ẹ kàn rí i pé ìgò omi kan wà níwájú yín. Òun ni kí ẹ mu gbẹ̀yìn.

## Fífọ eyín: orín àti búrọ́ọ̀ṣì

Mi ò bá orín jà. Ẹni tó mọ orín rìn, eyín rẹ̀ lè mọ́ ju ti ẹni tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì yára gbá a lọ. Wàhálà orín ni pé eyín iwájú ló máa ń jẹ gbogbo ìtọ́jú. Ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, tí àwọ̀ tíì máa ń sá pamọ́ sí, kì í rí i.

Tó bá jẹ́ orín ni, orín àtà, pákò Ìjẹ̀bú tàbí ewúro:

1. Ẹ fọ orín náà, ẹ jẹ orí rẹ̀ títí yóò fi di fọ́nrán rírọ̀. Orí tó ṣì le máa ń gún èrìgì.
2. Ẹ fà á láti èrìgì wá sí ẹnu eyín, kì í ṣe síwá sẹ́yìn bí ẹni ń fi ayùn rẹ́ igi.
3. Ẹ ti í wọ inú, dé ẹ̀yìn eyín, lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì.
4. Ẹ fi omi yọ ẹnu, pàápàá tí orín náà bá ń yọ omi pupa.
5. Ẹ gé orí tí ẹ lò dànù. Ọ̀la, orí tuntun.
6. Lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride kún un, nítorí fluoride tó ń mú eyín le kò sí nínú orín ní ìwọ̀n tó yẹ.

Tó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ra èyí tó rọ̀. Ẹ wo ara páálí ọṣẹ ìfọyín, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fluoride sí. 1,000 sí 1,500 ppm (bí wọ́n ṣe ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn) ló yẹ fún àgbàlagbà. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ìṣẹ́jú 2 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ dà á ṣègbè sí ìdí eyín, ẹ máa yí i ní róbótó díẹ̀díẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ẹ fọ ahọ́n. Tí ẹ bá parí, ẹ tu ìfófò dànù, ẹ má fi omi púpọ̀ ṣàn án kúrò, kí fluoride lè dúró ṣiṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ bá ti fọ́n ká ti kúrò lóde. Oṣù 3 ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń lò.

## Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe

Ibí yìí ni mo ti ń bẹ yín, nítorí ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe láti yọ àwọ̀ máa ń burú ju àwọ̀ náà lọ.

Èédú, eérú, iyanrìn. Wọ́n ń yọ àwọ̀, òótọ́ ni, wọ́n sì ń yọ eyín pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, eyín á dán, inú yín á dùn. Bó bá pẹ́, òde eyín á fẹ́lẹ́, inú rẹ̀ tó pọ́n á hàn, ẹ ó sì tún fi èédú kún un. Ọṣẹ ìfọyín elédùú tí wọ́n ń polówó, ẹ má sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́.

Ọsàn wẹ́wẹ́, pẹ̀lú iyọ̀ tàbí láìsí iyọ̀. Kíkan ló ń rọ eyín, iyọ̀ ló ń ha á. Ẹ ti kó àwọn ọ̀tá méjèèjì pọ̀.

Omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun. Jik tàbí irú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu. Ó ń bó ẹnu, ó sì léwu tí ẹ bá gbé e mì.

Abẹ, ọ̀bẹ, pínnì. Ẹ má fi ha ìdí eyín. Ìyẹ́ ọwọ̀ gan-an tí a fi ń tayín ń gún èrìgì. Òwú ìfọyín ló dáa jù fún àárín eyín.

Ìyẹ̀fun tí kò ní orúkọ. Èyí tí wọ́n ń ta nínú bọ́ọ̀sì, tí ọlọ́jà á fi nu eyín ẹnìkan níwájú gbogbo èrò, tí eyín á funfun lójú ẹsẹ̀. Ohun tó lè sọ eyín di funfun ní ìṣẹ́jú kan láìsí dókítà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ásíìdì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, omi tútù kò ní ṣeé mu.

Omi tí a fi ń yọ ẹnu tó ní chlorhexidine, láìdáwọ́ dúró. Oògùn èrìgì tó dáa ni, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lẹ́nu, tí ẹ sì ń mu tíì, òun fúnra rẹ̀ máa ń fi àwọ̀ pupa sára eyín. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ fún yín ni kí ẹ lò ó.

## Àwọn ọmọdé àti aláboyún

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ni ọṣẹ ìfọyín rẹ̀. Láti 3 sí 6, ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan. Ẹ dúró tì í kó má gbé e mì. Ẹ má fi zobo tàbí kóòkì sínú ike tó ń mu sùn.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ olómi tó ní irin nínú lè mú kí eyín ọmọ dúdú. Ẹ má dá oògùn dúró. Ẹ fi ṣíbí tàbí sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ju oògùn náà sẹ́yìn ahọ́n, kí ẹ fún un ní omi lẹ́yìn rẹ̀. Òde eyín ni dúdú náà wà, ó ṣeé fọ̀.

Tetracycline yàtọ̀, inú eyín ló ń wọ̀. Ẹni tó wà nínú oyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 kò gbọ́dọ̀ rà á ní kẹ́míìsì fúnra wọn. Tí ẹni tó ń tà á bá ní "kò sí nǹkan kan níbẹ̀," ẹ kúrò níbẹ̀.

## Tí eyín bá ti pọ́n tán

Ìdọ̀tí tó ti gan mọ́ eyín kò ní gbọ́ ti búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Dókítà eyín tàbí òṣìṣẹ́ tó kọ́ iṣẹ́ náà ló ní irinṣẹ́ tó máa yọ ọ́. Ní Adó-Èkìtì, ẹ lè béèrè ẹ̀ka eyín ní EKSUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Fún àwọn ará Ìdó, Ìfàkì, Ọ̀tùn àti àyíká, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdó-Èkìtì sún mọ́ yín. Fífọ eyín ni kí ẹ sọ pé ẹ wá ṣe. Kì í ṣe kí wọ́n sọ ọ́ di funfun. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Kí ẹ tó jókòó sórí àga, ẹ sọ fún wọn:

- tí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn ọkàn;
- tí ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì;
- tí ẹ bá wà nínú oyún;
- tí oògùn kan bá ń bá yín jà.

Wọ́n á fi irinṣẹ́ tó ń gbọ̀n, tó sì ń da omi, yọ ìdọ̀tí náà, wọ́n á wá fi ohun dídán pa eyín. Èrìgì tó ti wú lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Fún ọjọ́ mélòó kan, omi tútù lè máa ta yín. Àwọn kan á sọ fún yín pé fífọ eyín ní ilé ìwòsàn ló ń mú kí eyín mì. Irọ́ ni. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí líle ló ti di eyín tó ń mì mú. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Àlàfo tí ahọ́n yín ń bá láàárín eyín, ibẹ̀ náà ni ìdọ̀tí wà lánàá.

Fún wákàtí 48 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jìnnà sí tíì dúdú, kọfí, zobo, àgbo, obì àti wáìnì pupa. Ọbẹ̀ ata pupa pàápàá, ẹ rọra. Iyán àti ẹ̀gúsí tí ata rẹ̀ kò pọ̀ kò ní bínú sí yín.

Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kó funfun ju bẹ́ẹ̀ lọ, dókítà lè lo oògùn tó ní peroxide. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dí gbogbo ihò, kí wọ́n sì wo èrìgì sàn. Eyín tí wọ́n dí tàbí tí wọ́n fi adé bò kì í yí àwọ̀ padà, nítorí náà tí ẹ bá ní irú rẹ̀ níwájú, ẹ béèrè kí ẹ tó san owó, kí ìyókù má funfun tán kí ọ̀kan wá dá pọ́n láàárín wọn. Aláboyún kó dúró títí yóò fi bímọ.

Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn nílò kí wọ́n bá wọn fọ̀ ọ́. Ẹni tó ń jẹ obì tàbí tó ń mu tíì dúdú lójoojúmọ́ lè nílò rẹ̀ ṣáájú ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ máa padà wá sórí káàdì yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.